Òwú Dúdú fún Ṣòkòtò Bàbá Mi

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, bàbá mi ní kí n bá àwọn ra òwú dúdú tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní ṣòkòtò àwọn ni. Wọ́n ní omi London máa ń fa aṣọ, pé láti ìgbà tí mo ti ń kó ṣòkòtò àwọn sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ ni ìbàdí rẹ̀ ti ń fẹ̀. Télọ̀ ni bàbá mi. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi ránṣọ ní Ìwó kí ojú wọn tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Bí irú wọn bá ní omi ló ń fa aṣọ, èmi tí n kò lè kan bọ́tìnnì tí yóò dúró dalẹ́ kọ́ ni n óò jiyàn. Mo ra òwú náà ní Rye Lane.

Nígbà tí oṣù náà fi máa parí, wọ́n ní òwú ti tán, kí n ra òmíràn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé ṣòkòtò náà wò nígbà tí wọ́n lọ kírun Jímọ̀. Wọ́n ti gba ìbàdí rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò tẹ̀ léra, wọ́n gún régé, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́. Mo fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹta. Kì í ṣe ṣòkòtò ló ń fẹ̀. Bàbá mi ló ń rù.

Jàlàbíà ni kò jẹ́ kí n tètè mọ̀. Òun ni wọ́n ń wọ̀ nínú ilé láàárọ̀ àti lálẹ́, aṣọ tí ènìyàn méjì lè wọ̀ pọ̀ tí wọn kò ní fara kanra. Màmá mi kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Nígbà tó di oṣù kẹfà, àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Ìwó dábàá pé kí Bàbá wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ mi ní Peckham, bóyá ọkàn wọn á fúyẹ́. Físà oṣù mẹ́fà, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀. Inú mi dùn. Mo sọ fún gbogbo ẹbí pé sísan ni Bàbá máa san padà wálé, pé ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n máa fẹ̀ dè wọ́n. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Ẹ̀rù wá ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀rù ń bà mí pé bàbá mi fẹ́ tẹ̀ lé màmá mi lọ, pé inú ilé mi ni wọ́n máa kú sí, ní àjà kẹta tí kò ní lífíìtì. Mo ti rí àwọn àgbàlagbà tí ìyàwó wọn kú rí. Wọ́n á ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe wọ́n, wọ́n á kàn máa kéré lọ.

Kì í ṣe pé n kò fún wọn lóńjẹ. Mo mọ oúnjẹ sè, n kò ní torí ìtẹríba purọ́. Ilé ìdáná ilé ìwé kan ní Brockley ni mo ti ń ṣiṣẹ́, odidi gbọ̀ngàn àwọn ọmọ ló sì ń jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi lọ́sàn-án. Òfin méjì ló ju gbogbo òfin lọ níbẹ̀: ọmọ kan kò gbọdọ̀ jẹ nínú abọ́ ọmọ kejì, ohunkóhun tó bá sì ṣẹ́ kù, inú bíìnì ni. Èmi ni mo máa ń dúró ti bíìnì náà pẹ̀lú ṣíbí. Mo ti ṣe é pẹ́ débi pé ọwọ́ mi ń dá a ṣe, ojú mi kì í sí níbẹ̀ mọ́.

Nílé, bí ìlú yìí ṣe ń jẹun ni a ń jẹun. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, máa ń jẹ tirẹ̀ ní aago márùn-ún, lẹ́yìn ìyẹn ó ti wọ yàrá nìyẹn. Ọkọ mi, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, máa ń jẹ tirẹ̀ nígbàkígbà tí ṣíìfù rẹ̀ bá parí. Bàbá máa ń jẹ lẹ́yìn ìrun Mágríbì, àwọn nìkan, lórí tábìlì tí mo tẹ́ aṣọ funfun sí. N kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan kan. Kí wọ́n tó ronú àtibu omi, mo ti bù ú dé. Mo máa ń kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ kalẹ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì tí onílé ti kìlọ̀ pé ká má ta ọbẹ̀ sí.

Wọ́n á jẹ díẹ̀, wọ́n á dáwọ́ dúró. Wọ́n á rọra ti abọ́ síwájú, sí àárín tábìlì. Wọ́n á ní, "Mo ti yó o," pẹ̀lú ohùn tó ga ju bó ṣe yẹ lọ fún ẹni tó dá jókòó. Wọ́n á húkọ́. Wọ́n á wo ọ̀nà yàrá ọmọ mi, wọ́n á tún jókòó díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá dìde lọ fọ ọwọ́. Èmi á palẹ̀ mọ́.

Ní oṣù kẹfà, ẹran kan ló máa ń ṣẹ́ kù nínú abọ́ náà. Ní oṣù kẹjọ, ó di méjì. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lórí igi Peckham Rye, ìdajì oúnjẹ ló ń padà wá, pẹ̀lú gbogbo ẹran. Àwọn àgbà ní àjẹkù là ń mayo. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹni tó yó tó bàbá mi ní gbogbo gúúsù London.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọbẹ̀ ni. Mo dín ata kù, mo tún fi ata kún un. Mo lọ ra ẹja tútù ní Deptford, mo fi se ọbẹ̀ tí ọkọ mi fi jẹ ẹ̀bà ìgbà méjì kó tó rántí kí mi. Mo ṣe mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin. Mo dín àkàrà ní òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tó yẹ kí n máa sùn. Gbogbo rẹ̀ ni Bàbá yìn. "Ó dùn gan-an ni," wọ́n á ní, wọ́n á sì ti abọ́ síwájú. Mo wá sọ pé bóyá jíjókòó sílé ló pọ̀ jù, pé ẹsẹ̀ tí kò rìn, ikùn rẹ̀ kì í béèrè nǹkan.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ wá ebi nìyẹn, ní Sátidé Sátidé. Ní ọjà Deptford, wọ́n yí ìránṣọ kóòtù òkìrìkà kan wò, wọ́n pòṣé, wọ́n dá a padà sórí òkìtì bí ẹni dá òkú eku padà. Ní Surrey Quays, a rìn yípo omi, ọmọ mi sì já gbogbo búrẹ́dì ọ̀sán rẹ̀ fún pẹ́pẹ́yẹ. Bàbá wò ó títí ó fi tán. Wọ́n ní ọmọ náà lawọ́. Ní Peckham Rye, ó ń ṣa àwọn èso igi kan tó ń dán bíi bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ó kó wọn kún àpò Bàbá.

"Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni?" Bàbá bi mí.

"Rárá, Bàbá. Inú á máa run ẹni tó bá jẹ ẹ́."

"Kí ló wá fẹ́ fi ṣe?"

"Kò sí. Wọ́n kàn ń ṣà á ni."

Wọ́n gbé e délé. Wọ́n tò ó sí ojú fèrèsé.

Ebi kò dé. Nígbà tó di àárín oṣù kẹwàá, àbúrò mi pè lórí fídíò, ó ní kí n yí fóònù sí Bàbá. Ó kí wọn, ó wò wọ́n pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n bọ́ sí kọ̀rọ̀.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ kì í se oúnjẹ níbẹ̀ ni?"

Mo ní mo ń se é.

"Ẹ wo ọrùn wọn. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá di ìparí oṣù yìí tí kò sí ìyípadà, ẹ jẹ́ ká yí tíkẹ́ẹ̀tì wọn padà, kí wọ́n tètè máa bọ̀. Mi ò fẹ́ lọ gba òkú ní éápọ́ọ̀tù."

Inú bí mi. Mo gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Mo sunkún díẹ̀ ní balùwẹ̀, mo fọ ojú, mo jáde wá dín dòdò.

Ìparí oṣù yẹn bọ́ sí ọlidé ilé ìwé. Ọkọ mi gba ìsinmi ọjọ́ kan, ó ní ká lọ sí oko elégédé ní Kent, ibi tí àwọn òbí ti ń kó ọmọ lọ ní ìgbà ìwọ́wé, tí oníkálukú á mú elégédé tó wù ú. Bàbá jókòó níwájú mọ́tò, wọ́n fi kóòtù ọkọ mi lé orí jàlàbíà, bùútù òjò rẹ̀ sì wà ní ẹsẹ̀ wọn.

"N kò mọ̀ pé òyìnbó ń jẹ elégédé," wọ́n ní.

Mo ní jíjẹ kọ́. Wọ́n ń gbẹ́ ojú àti ẹnu sí i ni, wọ́n á tan iná sínú rẹ̀, wọ́n á gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Wọ́n á sọ ọ́ nù, Bàbá."

"Odidi elégédé," wọ́n ní.

Ní oko náà, ẹrẹ̀ wà níbi gbogbo, àwọn ọmọ sì ń ti ọmọlanke kiri bí ẹni tó ń kó ẹrù sá fún ogun. Ọmọ mi mú elégédé kan tí òun fúnra rẹ̀ kò lè gbé. Ìgbà tí a wo ẹ̀yìn, a kò rí Bàbá. Wọ́n wà ní eteetí oko, lẹ́bàá ọgbà, níbi tí òtútù kò tíì pa ewé elégédé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Gbọ̀ọ̀rọ̀ nìyí," wọ́n ní, bí ẹni tó pàdé ará ìlú rẹ̀ ní ibùdókọ̀. "Ẹ wò ó. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Wọ́n pe ọmọ mi, wọ́n fi hàn án pé orí rẹ̀ ni à ń já, kì í ṣe ìdí, kó lè tún yọ. Àwọn méjèèjì já a kún àpò ọ̀rá méjì. Ọmọge òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wá bi mí pé kí ni a fẹ́ fi ewé ṣe. Mo ní a máa jẹ ẹ́ ni. Ó ní ṣé kì í pa ènìyàn? Mo ní a ṣì wà láàyè. Ó ní kò burú, pé wọ́n fẹ́ túlẹ̀ bò ó náà ni.

Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀ dá wa dúró lójú ọ̀nà. Nígbà tí a fi délé, Mágríbì ti wọlé, aago márùn-ún ọmọ mi sì ti kọjá tipẹ́. Mo ní kí Bàbá lọ sinmi. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọn kò gbà. "Jẹ́ kí n rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe," wọ́n ní, wọ́n sì jókòó ti ọmọ mi, wọ́n jọ ń bó okùn ara igi gbọ̀ọ̀rọ̀ náà. Mo gúnyán, mo fi ẹ̀gúsí se gbọ̀ọ̀rọ̀, mo kó ẹran ògúnfe lé e. Kò sí àyè àtipín oúnjẹ sí wákàtí wákàtí mọ́. Gbogbo wa jókòó yí tábìlì kan náà ká.

Ẹran mẹ́rin ni mo bù fún Bàbá. Mo ń fi ojú ka òkèlè wọn. Ní ìkẹfà, wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n ti abọ́ síwájú. "Mo ti yó o," wọ́n ní. Wọ́n húkọ́.

Ọmọ mi ti jẹ tirẹ̀ tán. Ó wo abọ́ náà. "Grandpa, ṣé ẹ ti finish? Can I have the ẹran?" Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀.

"Gbé e sílẹ̀!" mo jágbe. "Àjẹkù ni! We don't eat from people's plates!"

Ọmọ náà dúró gbagidi, ẹran ń ro ọbẹ̀ sórí aṣọ funfun. Bàbá yíjú sí mi. Bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọṣẹ́ tó gé aṣọ oníbàárà sódì ni wọ́n ṣe wò mí.

"Kí lo pè é?"

"Bàbá, ní ibí yìí, àwọn ọmọ kì í jẹ nínú abọ́ ẹlòmíràn. Ní ilé ìwé…"

"Ẹlòmíràn," wọ́n ní. "Èmi ni ẹlòmíràn." Wọ́n yíjú sí ọmọ náà. "Jẹ ẹ́, ọmọ mi. Tìẹ ni."

Ó jẹ ẹ́. Ó mú èkejì. Bàbá ń wò ó bó ṣe ń jẹ, ojú wọn sì ń tàn. Nígbà tó mú ẹ̀kẹta, wọ́n ní, "Oṣù márùn-ún." Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ ìyókù. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti dé ni àwọn ti ń ṣẹ́ ẹran kù fún ọmọ náà. Wọ́n ṣẹ́ ọ̀kan kù, kò wá. Wọ́n ní ọmọ London ni, bóyá ó kéré lójú rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di méjì, kò wá. Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi iyán kún un.

"Mo ní bóyá ó ń bẹ̀rù mi. Mo ní bóyá kò fẹ́ràn mi. Mo ń pariwo pé mo ti yó, kó lè gbọ́."

"Ebi wá ń pa yín, Bàbá?"

"Ebi ń pa mí," wọ́n ní. "Ebi ń pa mí gan-an ni."

Ọkọ mi gbé ojú sókè wo àjà. Mo bi Bàbá pé ibo ni wọ́n rò pé oúnjẹ náà ń gbà lọ. Wọ́n ní àwọn rò pé mo ń gbé e sínú fìríìjì fún ọmọ náà di ọjọ́ kejì ni. N kò lè parọ́ fún wọn. Mo ní inú bíìnì kékeré tó wà lábẹ́ síǹkì ni mo ń dà á sí, pé káńsù ló máa ń wá kó o lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

"Káńsù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

"Wọ́n ní wọ́n ń fi í ṣe ajílẹ̀."

"Káńsù ti jẹ ẹran lọ́wọ́ mi," wọ́n ní.

Ojú tì mí. N kò lè sọ pé n kò mọ àṣà náà, nítorí èmi gan-an ni mo jẹ ẹran náà dàgbà. Ọmọ mẹ́rin ni wá ní Ìwó. Bàbá kì í jẹ oúnjẹ wọn tán, ẹran kan àti òkèlè díẹ̀ á ṣẹ́ kù, ọmọ tó bá gbé abọ́ ló ni ín. Inú ìkòkò kan náà ni ẹran inú abọ́ tèmi ti wá, ṣùgbọ́n kò dùn bẹ́ẹ̀ rí. Màmá mi ló máa ń mọ ẹni tó kàn. Tí Bàbá bá ti ní "Mo ti yó o," Màmá á ti yàrá pe orúkọ ẹni náà, a ó sì sáré. Bàbá mi ti ń sọ ìdajì tiwọn láti oṣù kẹfà, wọ́n ń dúró, kò sì sí ẹni tó máa pe ọmọ náà. Èmi ni ó yẹ kí n pè é. Èmi tí mo ní mo ń tọ́jú wọn, ẹ̀yìn wọn ni mo dúró sí pẹ̀lú ṣíbí.

Mo dìde, mo lọ bu iyán mìíràn wá. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé, wọ́n sì ṣẹ́ ẹran kan ṣoṣo kù. "Mo ti yó o," wọ́n ní. Mo pe ọmọ mi. Inú yàrá kan náà ló wà, ṣùgbọ́n mo pè é.

Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì jọ ń jẹun lẹ́yìn Mágríbì. Elégédé tí ọmọ mi mú wálé, òun ló gbẹ́ ojú sí i, ṣùgbọ́n Bàbá ti kọ́kọ́ fi ṣíbí ha inú rẹ̀ dé èèpo, mo sì fi ohun tí wọ́n ha se àsáró. Ojú elégédé tiwa ló tínrín jù ní gbogbo àdúgbò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, Bàbá tú ojú abẹ́rẹ́ kan nínú ṣòkòtò náà. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n tú èkejì. Ti ìkẹta ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní ti ikú màmá mi nìyẹn, kí a má yọ ọ́ lẹ́nu. Àbúrò mi pè, ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti kún, pé irú oògùn wo ni mo fún wọn. Mo ní ewé ni.

Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, ọkọ̀ òfurufú ọ̀sán ni wọ́n máa wọ̀. Ọmọ mi ti dágbére, ó ti lọ sí ilé ìwé pẹ̀lú ojú tó wú. Mo se iṣu, mo fi ọbẹ̀ ẹran gbé e kalẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ dáadáa. Wọ́n ti abọ́ síwájú, ẹran kan wà nínú rẹ̀, èyí tó tóbi jù. Mo gbé abọ́ náà lọ sí ilé ìdáná, mo sì ń wá ọ̀rá tí n óò fi dì í.

"Kí lò ń wá?" wọ́n bi mí láti ibi tábìlì.

"Ọ̀rá ni, Bàbá. Mo fẹ́ bá ọmọ yín tọ́jú ẹran rẹ̀ títí á fi dé."

"Má dì í. Kì í ṣe tirẹ̀."

"Ta ló wá ni ín?"

"Ta ló gbé abọ́?" wọ́n ní.

Mo wo ọwọ́ mi. Mo jẹ ẹ́ ní ìdúró nídìí síǹkì, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. Mo fọ abọ́ náà, mo nù ún, a sì gbé àpótí wọn sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹta.